Ọjọ́ Tí Mo Pa Orúkọ Ara Mi Rẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo fi ìka ara mi pa ara mi rẹ́. N kò mutí, ara mi sì dá ṣáká. Ọ̀sán gangan ni, fáànù ń yí lókè orí wa nínú ọ́fíìsì tí wọ́n gbà fún wa ní Otokiti, ooru Lokoja sì ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Orúkọ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín, mo ní irọ́ gbuu lèyí, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Mo tẹ bọ́tìnnì, orúkọ náà sì pòórá. Èmi gan-an ni mo ń jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in lọ, ẹ má wo ojú mi. Èmi náà ti rín tèmi títí ó fi di nǹkan mìíràn.

Iṣẹ́ tó gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà kò ní awo kankan nínú. Wọ́n fẹ́ pín àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Lokoja kí òjò tó balẹ̀. Kí wọ́n tó pín in, wọ́n ní láti mọ iye ènìyàn tó ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù lọ sí ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri, wọ́n á gba orúkọ àwọn ará ilé, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá dá a lójú, á kùn ún ní pupa: orúkọ méjì tó jọra jù, ẹni tí kò ní ọjọ́ orí, orúkọ tí ẹ̀rọ kò gbọ́ rí. Àwa tí a jókòó la máa wá dá ẹjọ́ wọn. Ṣé ènìyàn ni, àbí ayédèrú? Ẹni tí a bá gbà wọlé á rí àwọ̀n fi bo ara. Ẹni tí a bá pa rẹ́, ẹ̀fọn ló ni ín.

Ìwé mi kò pọ̀. Mo ka girama débi tí girama fi sú èmi àti àwọn tíṣà. Ohun tí wọ́n rí lára mi ni pé ọmọ Oworo ni mí, mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Ebira tí mo lè fi ra iṣu lọ́jà, mo sì lè jókòó pẹ́ láìsùn. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin Ebira kan tó ń gbé Lokongoma, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló máa ń dé ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó bi wá bóyá a ní ajá nílé.

“Ajá méjì ni kò wúlò,” ó ní. “Ọ̀kan ni èyí tí olè wọlé tí kò gbó. Ìkejì ni èyí tó ń gbó gbogbo ẹni tó bá kọjá, tó fi dé orí ewé tó já bọ́. Ẹ má rò pé ti ìkejì yẹn sàn. Ẹni tó ni ín á kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn lọ tí ajá bá ń gbó. Ọjọ́ tí olè bá wá dé lóòótọ́, orí oorun ni yóò bá a.”

Gbogbo wa mi orí. Orí mímì kò ní ìnáwó.

Ajá tí kì í gbó ni mo kọ́kọ́ jẹ́. Àánú máa ń ṣe mí. Bí mo bá rí orúkọ pupa, mo á ní ọmọ ẹlòmíràn ni, kí ló dé, mo á gbà á wọlé. Báyìí ni bàbá alápàárá kan lábúlé kan ṣe ka orúkọ àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọdébìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ kò sì gbé ojú sókè. Orúkọ wọn dùn létí, ká sọ tòótọ́. Mo gba gbogbo agbo náà wọlé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ láti wò ó, ewúrẹ́ ló wá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wa kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn. Ó dúró láàárín ọ́fíìsì, ó ní, “Ọ́ńkù, àwọn ewúrẹ́ yín ní kí n kí yín o. Wọ́n ní ẹ kú ìfẹ́ àwọn.” Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin Igala tó jókòó tì mí kì í kí mi mọ́. Bí mo bá ti wọlé láàárọ̀, “Mèéè” ló máa ń ké.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ẹ̀rù bà mí kọjá bó ṣe yẹ kí ẹ̀rù ewúrẹ́ ba àgbàlagbà. Mo rò pé wọ́n á lé mi lọ, mo rò pé wọ́n á máa fi ìtàn mi ṣe ẹ̀rín dé Okene. Mo bá di ajá kejì. Gbogbo orúkọ tó bá ti pupa, mo ń pa á rẹ́. Èyí tí kò pupa, mo á tẹjú mọ́ ọn títí ó fi fẹ́ pupa lójú mi. Ìyá arúgbó tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, mo pa á rẹ́. Orogún méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Àmínà nínú ilé kan, mo pa ọ̀kan rẹ́, mo sì ń yin ara mi pé ojú mi mú. Ọ̀gá ní kí n ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò gbọ́. Ọmọ Igala ti dákẹ́ mèéè kíké, mo sì kà á sí oyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an kò sí ní Otokiti. Ó wà lẹ́yìn òkè, ní abúlé wa.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó kì í fi orúkọ pe ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ní láti fún un ní orúkọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá sílé wa, èmi ṣì ń sáré kiri ẹ̀yìnkùlé láìwọ ṣòkòtò. Wọ́n ní kí ó wá mọ àwọn ọkọ rẹ̀ kéékèèké. Ó wò mí, mo ya ẹnu sí i, ó ní, “Èyí ni Eyínfúnjowó.” Bí mo ṣe di Eyínfúnjowó nìyẹn. Òun ló pọ̀n mí lọ sóko nígbà tí ìyá mi kò lè pọ̀n mí mọ́. Òun ló máa ń fi eérú bo iṣu sísun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò de ìgbà tí mo bá ti ilé-ìwé dé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí èéfín oúnjẹ bá ti ń rìn láàárín àwọn ilé, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fa orúkọ náà gùn títí yóò fi gba orí ògiri kọjá lọ bá mi níbikíbi tí mo bá ti ń ṣeré. N kò tíì gbọ́ rédíò tàbí ilé ìjọsìn kan tó pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Àwa náà ní orúkọ tí à ń pè é. “Ìyàwó” ni. Ó bímọ, Ìyàwó ni. Ó tọ́mọ, ó rí ọmọ ọmọ, Ìyàwó ni. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Mo kúrò nílé wá sí Lokoja pẹ̀lú ẹnu ńlá. Mo ní ọjọ́ tí ẹ bá tún rí mi, mọ́tò tèmi ni yóò gbé mi wá. Mọ́tò kò dé. Mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ náà ní kí n ní sùúrù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, mo lọ sin ín, mo sùn mọ́jú, mo sì tètè ṣí kúrò nílẹ̀ nítorí pé Ìyàwó kò bi mí léèrè mọ́tò. Bó bá bi mí, ǹ bá rí irọ́ pa. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ilé ti ń dàgbà nínú mi bí ẹni ń bọ́ ẹran. Yàrá tí mo gbà wà ní Felele. Tí mo bá ṣí fèrèsé, mo ń rí òkè tí abúlé wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́kadà á gbé mi débẹ̀ kí àkàrà àárọ̀ tó dà nínú mi. Síbẹ̀ bí ẹni tó ń gbé òkè òkun ni mo ń ṣe. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀nà ibẹ̀ fẹ́ wá, mo á pa fèrèsé dé.

Ìgbà yẹn ni orúkọ yìí wá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí á rí orúkọ abúlé, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ojúsàájú fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Onílé náà jẹ́ obìnrin, opó, ó fi orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ sílẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn ni: Eyínfúnjowó, ọkùnrin, àgbàlagbà. Kò ní fóònù, kò ní ọjọ́ ìbí. Ó pupa bí epo tuntun.

Mo pe ọmọ Igala. “Wá wo olè obìnrin! Ó ní ẹnì kan ń jẹ́ Eyínfúnjowó.” Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ.

“Ọ́ńkù,” ó ní, “na person be dat abi na toothpaste?”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn mí dòní: ohun kan kàn mí ní àyà nígbà tí mo kà á, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ òórùn ọṣẹ tó mọ̀ nígbà kan. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti ń gbọ́ orúkọ náà, ó ti pẹ́, n kò sì rí i ní kíkọ rí. Mo ní ebi ni. Mo pa orúkọ náà rẹ́, mo sì kọ “ayédèrú” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ òfin. Ilé tí wọ́n bá ti rí ayédèrú nínú rẹ̀, wọ́n á dá gbogbo àwọ̀n rẹ̀ dúró títí onílé yóò fi wá wí tẹnu rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọ̀n, ọ̀gá pè mí. Ó ní obìnrin kan kọ̀, kò wá wí tẹnu rẹ̀. Wọ́n ti ka nọ́ńbà ilé rẹ̀ síta lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn kan sì ti ń fi ṣe orin. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ síbi ìpín, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n ń sunkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ kan, tó wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ ka ilé, ló tẹ̀ wá láago pé ìyá náà kò jáde mọ́, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé ilé ọkọ, wọn kò pe òun lólè rí.

“Ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́, Ọ́ńkù,” ọ̀gá ní. “Ẹ bá mi lọ, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí.”

A gba ọ̀nà Abuja. Nígbà tí dírẹ́bà yà sọ́nà òkè, mo ní abúlé pọ̀ lọ́nà yìí. Nígbà tí a kọjá ibi àpáta tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí, mo ní àpáta jọra. Nígbà tí mo rí ilé wa, mo di ìjókòó ọkọ̀ mú. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, orí ń fọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n dúró sínú ọkọ̀.”

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀, sà.”

Mo sá pamọ́ sẹ́yìn dírẹ́bà. Dírẹ́bà náà tín-ín-rín, kò bò mí. Ìyàwó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Ó ti gbó. Kò dìde.

“Okun o, Màmá,” ọ̀gá kí i bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí ara wọn.

“Okun.”

“A wá nítorí orúkọ kan.”

“Èyí tí ẹ ní mo jí? Ẹ wọlé ẹ wá tú ilé, Ìyá ọ́fíìsì. Bóyá mo kó o sínú ìkòkò.”

Ìgbà náà ló gbé ojú sókè tó rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Mo fẹ́ kí i, mo ya ẹnu, bẹ́ẹ̀ eyín méjì ti fi mí sílẹ̀ níwájú láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wò mí, ó wò mí.

“Eyínfúnjowó,” ó ní, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọkọ mi, ta ló kó eyín yín lọ?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Òun náà fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ fara ti ọkọ̀. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi.

“Ọ́ńkù, ẹni tí ẹ kọ pé kò sí láyé, ṣé ẹ̀yin náà nìyí?”

Mo ní èmi ni. Ohùn mi dà bíi ti ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ mi.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Ọ̀gá kì í ṣe ẹni tí omijé ń fọ ojú rẹ̀ kúrò lórí iṣẹ́. Ó bi Ìyàwó bóyá mo ń sùn lábẹ́ òrùlé náà. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kí ó purọ́. Ó ní rárá. Ọ̀gá ní ìgbà wo ni mo sùn níbẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní ìgbà tí wọ́n sin ọkọ òun. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú yé mi, ó sì ń dà mí láàmú títí di ìsinsìnyí: ẹ̀rọ kò jẹ̀bi tó kùn mí ní pupa. N kò gbé ibẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ayédèrú kọ́ ni mí, obìnrin náà kì í sì í ṣe olè. Mo gbó ẹni tó tọ́ sí gbígbó, mo sì bu onílé jẹ.

Bí ọ̀gá ṣe dá a nìyí. Èmi kò ní gba àwọ̀n níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò sùn níbẹ̀ ni mí. Ó kó àwọ̀n àwọn ọmọ ọmọ jáde látinú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó kà á lé Ìyàwó lọ́wọ́. Ó wá lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí wọ́n pe àwọn ènìyàn jọ, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé àṣìṣe ọ́fíìsì ni, ìyá yìí kò purọ́, ẹni tó bá tún kọrin kí ó wá kọ ọ́ sí òun létí. Ìyàwó dúró tì í, ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì wo ojú àwọn olórin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí mi wú. Mo sì tún fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tí a padà sí Otokiti, iṣẹ́ yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun méjì la lè ṣe sí orúkọ pupa: gbà á, tàbí pa á rẹ́. Ọ̀gá wá fi ìkẹta kún un: ẹ lọ bi wọ́n. Mo ní tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á máa lọ béèrè gbogbo wọn. Ó ní òjò á rọ̀ tán kí a tó béèrè dé ìdajì, ẹ̀fọn á sì ti jẹ àwọn ọmọ tí kò ṣẹ̀. Àwọn tí àṣìṣe wa máa dun ẹnì kan jù ni kí á kọ́kọ́ lọ bi. Ìyẹn ni mo ṣe títí iṣẹ́ fi parí. Mo ṣì máa ń ṣì í. Ewúrẹ́ kan tàbí méjì lè ti sùn lábẹ́ àwọ̀n nítorí mi. Ọlọ́run á bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, òpin ọ̀sẹ̀ kì í bá mi ní Felele. Ìyàwó kò fi ọdún tó ti lọ bú mi, iṣu ló ń sun. A ní ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò tó mi. Ó ti lọ báyìí. Ọjọ́ tí a sin ín, wọ́n kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sára pátákó, mo sì dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnì kan hàn. Kò sí ẹni tó kù láyé tó ń pè mí ní Eyínfúnjowó. Nígbà mìíràn tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí àwọn obìnrin ìdílé bá ń pe ọmọ wọn wálé, ẹsẹ̀ mi á ti yí sọ́nà kí n tó rántí pé èmi kọ́ ni wọ́n ń pè.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń bi mí pé nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ta ló jàre, ẹ̀rọ tàbí ìyá àwọn. Mo máa ń sọ ohun tí mo gbọ́ kí a tó wọ ọkọ̀ fún wọn. Ọ̀gá padà sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀gúsí, ó ní, “Màmá, ẹ dákun, ẹ ṣàlàyé fún mi. Ẹ mọ̀ pé kò gbé níbí. Kí ló dé tí ẹ fi kà á?”

Ìyàwó kò tilẹ̀ dá ọwọ́ dúró.

“Ọmọ télọ̀ tó wá ka ilé bi mí pé ẹ̀yin mélòó lẹ jẹ́ nínú ilé yìí,” ó ní. “Kò bi mí pé ẹ̀yin mélòó lẹ ti délé.”